Èpò àti Kòkòrò Nínú Ọgbà Ewébẹ̀ Tuntun: Ohun Tí Ẹ Ó Ṣe àti Ìgbà Tí Ẹ Ó Ṣe É

Ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ọgbà ewébẹ̀ máa ń bá tọ̀ mí wá: "Ewébẹ̀ ni mo gbìn, èpò ló hù. Ìwọ̀nba ewébẹ̀ tó sì hù, kòkòrò ti dá a lu bí asẹ́. Oògùn wo ni kí n lọ rà?"

Ẹ fi oògùn sílẹ̀ ná. Nínú ọgbà tuntun, ìgbà tí èèyàn débẹ̀ ṣe pàtàkì ju ohun tó mú lọ́wọ́ débẹ̀ lọ. Èpò tí ìka méjì lè fà tu lónìí, ọkọ́ ni yóò gbà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i. Bó bá sì tanná tó gbọn èso sílẹ̀, ẹ ti gbin ti ọdún tó ń bọ̀ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni kòkòrò. Bí ẹ ó ṣe tètè rí wọn ni mo fẹ́ kọ́ yín. Oògùn á kẹ́yìn.

Kí ẹ tó gbin ohunkóhun: ẹ tan èpò jáde

Ilẹ̀ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tú kún fún èso èpò tó ti sùn síbẹ̀ láti ọdún pípẹ́. Nígbà tí ọkọ́ bá yí wọn sókè tí ìmọ́lẹ̀ bà wọ́n, wọ́n á jí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jí nígbà tí ewébẹ̀ yín kò tíì sí níbẹ̀, kí ẹ pa wọ́n, kí ẹ tó gbìn.

1. Ẹ má dá ju ohun tí apá yín ká lọ. Bẹ́ẹ̀dì (ebè pẹrẹsẹ tí a ń gbin ewébẹ̀ sí) méjì tó fún ìgbà àkọ́kọ́, kí ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan má ju mítà 1.2 lọ. Ìbú yìí ló ń jẹ́ kí ọwọ́ dé àárín láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì láìfi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ náà pa.
2. Ẹ ṣa gbòǹgbò àwọn koríko tó ń rìn lábẹ́ ilẹ̀, irú èèkan. Ọwọ́ ni kí ẹ fi ṣà á. Ẹ̀rọ ìtúlẹ̀ á kàn gé wọn wẹ́wẹ́ ni, gbogbo ègé tó bá sì ní oríkèé lè hù.
3. Ẹ fọ́ ògúlùtu, kí ẹ tẹ́ ilẹ̀ náà bí ẹni pé ọ̀la lẹ fẹ́ gbìn.
4. Ẹ bomi rin ín, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ 10 sí 14.
5. Nígbà tí èpò bá yọ, ẹ dúró de ọjọ́ tí oòrùn mú, kí ẹ fi ojú ọkọ́ ha òkè ilẹ̀. Kó má jìn ju sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 lọ.
6. Bí àyè bá wà, ẹ tún bomi rin ín kí ẹ tún un ha lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ gbìn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ ni àárín ìgbésẹ̀ 5 sí 6. Inú wọn á dùn pé ilẹ̀ ti mọ́, wọ́n á tún fi ọkọ́ tú gbogbo rẹ̀ lódindi kó lè rọ̀ dáadáa. Èpò mìíràn tó wà nísàlẹ̀ ni wọ́n gbé wá sókè yẹn.

*Bí ẹ kò bá lè dúró, tàbí tí koríko ti gba gbogbo ilẹ̀:* ẹ gé e mọ́lẹ̀, kí ẹ tẹ́ páálí lé e lórí lẹ́yìn tí ẹ bá ti bọ́ gbogbo téèpù ara rẹ̀ kúrò. Kí etí páálí kan gun èkejì tó sẹ̀ǹtímítà 15, torí ojú àlàfo ni koríko máa ń wá. Ẹ rin ín dáadáa, kí ẹ da ilẹ̀ tó dára tàbí ajílẹ̀ tó ti jẹrà sórí rẹ̀, kí ẹ sì gbin àwọn ọmọ ewébẹ̀ tó ti dàgbà díẹ̀ síbẹ̀. Ọ̀nà kejì ni ọ̀rá funfun tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá: ẹ rin ilẹ̀ náà, kí ẹ tẹ́ ọ̀rá náà lé e kó fara mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí, kí ẹ fi erùpẹ̀ bo etí rẹ̀, kó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 nígbà tí oòrùn mú jù lọ. Ooru abẹ́ rẹ̀ á pa ọ̀pọ̀ èso èpò tó wà lókè ilẹ̀. Bí oòrùn kò bá mú, ẹ má wulẹ̀ dà á láàmú.

Ìkìlọ̀ lórí ìgbẹ́ ẹran. Àwọn oògùn apakoríko kan wà tí ẹran lè jẹ mọ́ koríko, tó gba inú ẹran kọjá láìkú, tó sì ń wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Tòmátì àti ẹ̀wà tí ẹ bá gbìn sínú irú ajílẹ̀ bẹ́ẹ̀ á lọ́, ewé rẹ̀ á ká jọ. Ẹ dán an wò ná: ẹ po ajílẹ̀ náà mọ́ ilẹ̀ nínú ike kan, kí ẹ gbin hóró ẹ̀wà mẹ́rin sí i, kí ẹ sì gbin mẹ́rin mìíràn sínú ilẹ̀ tí kò ní in. Bí ti àkọ́kọ́ bá yọ ewé wíwọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ti èkejì sì dára, ẹ má da ajílẹ̀ yẹn sí ọgbà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́ lẹ́yìn gbígbìn

Àsìkò yìí ni èpò ń ṣe ewébẹ̀ léṣe jù. Nígbà tí ewébẹ̀ bá ti fẹwé débi tí òjìji rẹ̀ bo ilẹ̀, òun fúnra rẹ̀ á máa bá yín jà. Nítorí náà, bí agbára yín bá kéré, ibi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yìí ni kí ẹ ná an sí.

"Mi ò mọ èwo ni èpò, èwo ni mo gbìn." Kò sí ohun ìtìjú níbẹ̀, gbogbo wa la ti fa kárọ́ọ̀tì tu rí. Ohun méjì ló ń tán ìṣòro yìí. Àkọ́kọ́, ẹ gbìn ní ìlà tó tọ́, kí ẹ fi okùn wọ̀n ọ́n, kí ẹ sì fi igi kéékèèké sí orí ìlà náà: ohun tó bá hù láàárín ìlà méjì, èpò ni. Èkejì, lọ́jọ́ tí ẹ bá gbìn, ẹ gbin díẹ̀ nínú irúgbìn kan náà sínú ike tí ilẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ohun tó bá hù nínú ike yẹn ni ẹ ó fi mọ ti bẹ́ẹ̀dì.

1. Ẹ wọ ọgbà ní ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta sí mẹ́rin-mẹ́rin. Ìṣẹ́jú 10 sàn ju gbogbo ọjọ́ kan lóṣù lọ.
2. Ilẹ̀ gbígbẹ àti oòrùn ni ti ọkọ́: ohun tí ẹ bá gé á rọ kó tó di ìrọ̀lẹ́. Ilẹ̀ tútù ni ti ọwọ́: gbòǹgbò á fà yọ tòun ti orí rẹ̀. Bí ẹ bá fi ọkọ́ ro ilẹ̀ tútù, ẹ ń ṣí èpò nípò ni, á tún hù.
3. Èpò tó ti dàgbà sí ìdí ewébẹ̀, ẹ má fà á. Gbòǹgbò méjèèjì ti wé mọ́ra. Ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé e mọ́lẹ̀, kí ẹ máa gé e títí á fi rẹ̀ ẹ́.
4. Ohunkóhun tó bá ti tanná, ẹ gbé e kúrò nínú ọgbà pátápátá. Òdòdó mìíràn á ṣì di èso lẹ́yìn tí ẹ bá ti fà á tu.
5. Nígbà tí ewébẹ̀ bá ga tó àtẹ́lẹwọ́, tí ilẹ̀ mọ́, tó sì tutù, ẹ fi ewé gbígbẹ tàbí koríko gbígbẹ tí kò ní èso bo ilẹ̀. Kó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí 8, kó sì jìnnà sí ìdí ewébẹ̀ bí sẹ̀ǹtímítà 5, kí ìdí náà má bàa jẹrà.

Àwọn kan wà tí òfin gbogboogbò yìí kò tó fún:

- Pápásan: ó sanra, ó sì ní omi lára, nítorí náà kì í tètè kú. Bí ẹ bá fà á tu tí ẹ jù ú sórí bẹ́ẹ̀dì, á tún ta gbòǹgbò. Ẹ kó o jáde.
- Koríko tó jọ ìmùmù, tí igi òdòdó rẹ̀ ní igun mẹ́ta bí ẹ bá fi ìka yí i wò: ó ní iṣu kéékèèké lábẹ́ ilẹ̀. Bí ẹ bá fa orí rẹ̀, ìsàlẹ̀ á rú òmíràn. Ẹ fi nǹkan ẹlẹ́nu ṣóńṣó wa iṣu náà, kí ẹ sì máa ṣe é lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó máa ń dá ihò lu ọ̀rá, nítorí náà ẹ má gbára lé ọ̀rá fún un.
- Tẹ̀tẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún: nígbà tó bá ṣì kéré tí ẹ̀gún rẹ̀ kò tíì le ni kí ẹ fà á. Lẹ́yìn ìyẹn, ìbọ̀wọ́.
- Gbégi: ìdí rẹ̀ máa ń le bí okùn tó bá pẹ́. Ẹ tètè bá a.

Àwọn kan á ní kí ẹ da iyọ̀ sórí èpò. Ẹ̀tàn ni. Òótọ́ ni pé iyọ̀ ń pa èpò, ó sì ń pa ilẹ̀ mọ́ ọn, ewébẹ̀ kò ní í ṣe dáadáa níbẹ̀ mọ́. Ọtí kíkan ìdáná ń jó ewé èpò kéékèèké lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í dé gbòǹgbò àwọn tó dàgbà. Oògùn apakoríko tó ń pa gbogbo ohun tútù kò mọ ewébẹ̀ yàtọ̀ sí èpò; atẹ́gùn díẹ̀ ló nílò láti gbé e sórí tòmátì. Nínú bẹ́ẹ̀dì tí ọgbà kékeré ní, mi ò rí ìdí kankan tí ẹ ó fi lò ó.

Kòkòrò: ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó jẹ ẹ́

Ẹni tó bá ń fọ́n oògùn kó tó mọ kòkòrò ń na ẹni tí kò jẹ ẹ̀bi. Ẹ yí ewé náà padà, ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbé. Ẹ tún padà lọ lálẹ́ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì.

- Wọ́n gé ọmọ ewébẹ̀ mọ́lẹ̀ lóru bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e: kòkòrò agédìí.
- Ihò ńláńlá nínú ewé, pẹ̀lú ìgbẹ́ dúdú bí etù ìbọn: ọmọ labalábá tó ń jẹ ewé.
- Ihò ńláńlá, pẹ̀lú ìlà tó ń dán bí fàdákà lórí ewé tàbí ilẹ̀: ìgbín, tàbí èyí tí kò ní karawun.
- Ọ̀jẹ̀lẹ́ ewé ká, ó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, èèrà ń gòkè gba ibẹ̀: iná ewé, ìyẹn àwọn kòkòrò kéékèèké tó ń ṣù mọ́ra fa omi ara ewébẹ̀.
- Nǹkan funfun kéékèèké fò bùú nígbà tí ẹ fọwọ́ kan ewébẹ̀: eṣinṣin funfun.
- Ewé ní àmì tótó kéékèèké tó funfun bí eruku, ojú ọjọ́ sì gbẹ: ẹ gbọn ewé náà sórí bébà funfun. Bí eruku náà bá ń rìn, aláǹtakùn pupa kéékèèké ni.
- Ewébẹ̀ ń rọ lójoojúmọ́ láìka omi sí: ẹ fa ọ̀kan tu, kí ẹ wo gbòǹgbò rẹ̀.

Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe kòkòrò: ewé tó rọ lọ́sàn-án tó sì dìde nírọ̀lẹ́ (ooru ni), ewé ìsàlẹ̀ kan tàbí méjì tó pọ́n (ogbó ni). Bákan náà, ọ̀pọ̀ ewébẹ̀ eléso lè pàdánù tó ìdá kan nínú mẹ́rin ewé rẹ̀ kó sì ṣì so dáadáa. Ewébẹ̀ tó jẹ́ pé ewé rẹ̀ gan-an lẹ fẹ́ jẹ nìkan ni ihò ń dunni nínú rẹ̀.

Kòkòrò agédìí

Òun ló ń lé àwọn olùbẹ̀rẹ̀ kúrò nídìí ọgbà, torí ní òru ọjọ́ kan ṣoṣo ó lè gé ọmọ ewébẹ̀ mẹ́fà. Ó wọ́pọ̀ nínú ilẹ̀ tí koríko ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí rẹ̀.

1. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ẹ rí i, ẹ fi ìka tú ilẹ̀ ìdí èyí tó gé, bíi sẹ̀ǹtímítà 2 sí 5. Ẹ ó bá a níbẹ̀, á ká ara rẹ̀ jọ bí òrùka. Ẹ pa á. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀, ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló kàn lálẹ́.
2. Ẹ gé páálí, kí ẹ ká a yí ìdí ewébẹ̀ tó kù bí ẹ̀gbà ọrùn. Kí sẹ̀ǹtímítà 3 wọlẹ̀, kí nǹkan bíi 5 wà lókè.
3. Nígbà tí ẹ bá tún fẹ́ gbìn, ẹ tu koríko ilẹ̀ náà ní ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán ṣáájú gbígbìn, kó má rí nǹkan jẹ.

Ọmọ labalábá

Ẹ wá ẹyin rẹ̀ lábẹ́ ewé lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí ẹ fi ìka pa á. Àwọn tó ti yọ, ẹ ṣà wọ́n sínú omi ọṣẹ. Fún kábéèjì, àwọ̀n ni mo fọkàn tán jù: kí ojú rẹ̀ má ju mìlímítà 1 lọ, kí ẹ sì fi bò ó lọ́jọ́ tí ẹ gbìn ín gan-an, kí ẹ fi erùpẹ̀ tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwọ̀n tó pẹ́ kó tó dé ti àwọn kòkòrò mọ́nú pẹ̀lú oúnjẹ ni. Kúkúńbà àti elégédé ń fẹ́ oyin, nítorí náà ẹ ṣí tiwọn nígbà tí wọ́n bá tanná.

Bí wọ́n bá pọ̀ ju ṣíṣà lọ, oògùn Bt wà, tí wọ́n fi bakitéríà tí ń jẹ́ *Bacillus thuringiensis* ṣe. Kòkòrò gbọ́dọ̀ jẹ ewé tí oògùn náà wà kó tó ṣiṣẹ́, ìrọ̀lẹ́ sì ni kí ẹ fọ́n ọn torí oòrùn ń bà á jẹ́. Àwọn tó kéré ló ń pa jù. Wọ́n á dẹ́kun jíjẹun láìpẹ́, ṣùgbọ́n ó lè tó ọjọ́ díẹ̀ kí wọ́n tó kú. Ẹ má tún un fọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kejì nítorí pé ẹ ṣì ń rí wọn.

Iná ewé àti eṣinṣin funfun

Mo ń pè wọ́n ní iná ewé torí bí iná orí ni wọ́n ṣe ń ṣù mọ́ra tí wọ́n ń fa omi ara ewébẹ̀. Abo wọn kì í dúró de akọ kó tó bímọ. Láàyè ló ń bí ọmọ náà, ọmọ yẹn á sì ti máa bí tirẹ̀ láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ 10 bí ojú ọjọ́ bá móoru. Ìdí nìyẹn tí mẹ́wàá tí ẹ kò kà sí fi ń di ẹgbẹẹgbẹ̀rún.

1. Ẹ fi rọ́bà omi fọ́n omi líle sí abẹ́ ewé láàárọ̀, fún ọjọ́ mẹ́ta léra. Ọ̀pọ̀ tó bọ́ sílẹ̀ kì í padà gòkè.
2. Ẹ gé ọ̀jẹ̀lẹ́ tó ti bò pátápátá sọnù.
3. Ẹ tẹ̀ lé èèrà. Àwọn ló ń ṣọ́ iná ewé nítorí omi dídùn tó ń jáde lára wọn, wọ́n sì ń lé àwọn tó fẹ́ jẹ wọ́n. Ẹ dí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gòkè.
4. Ẹ dín ajílẹ̀ tó ń mú ewé yọ kù. Ewé tó rọ̀ jù ni wọ́n fẹ́ràn.
5. Bí wọ́n bá ṣì wà, omi ọṣẹ ló kàn.

Omi ọṣẹ: ṣíbí ìpo-tíì kan ọṣẹ olómi tí kò ní bílíìṣì (bíi mìlílítà 5) sínú lítà omi 1. Ẹ fi dán ewé kan wò, kí ẹ dúró di ọjọ́ kejì. Ẹ fọ́n ọn ní ìdájí tàbí ìrọ̀lẹ́, kó kan kòkòrò náà lára, torí tó bá ti gbẹ kò ní agbára mọ́. Ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin sí méje. Ẹ má lo ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun: èmi fi jó ewé ata mi lọ́dún àkọ́kọ́, kòkòrò ibẹ̀ kò sì tán.

Kí ẹ tó fọ́n ohunkóhun, ẹ wò ó bóyá ẹ ó rí kòkòrò kékeré dúdú, onílà aláwọ̀ èso ọsàn, tí ìrísí rẹ̀ dà bí ti ọ̀nì. Olùbẹ̀rẹ̀ kì í fi í sílẹ̀ láàyè torí ojú rẹ̀ kò dára. Ọmọ kòkòrò ẹlẹ́yìn pupa tó ní tótó dúdú ni, iná ewé sì ni oúnjẹ rẹ̀. Bí ẹ bá ti rí i, ẹ fún un ní ọjọ́ mélòó kan.

Eṣinṣin funfun gba omi ọṣẹ bákan náà, lábẹ́ ewé. Ẹ fi páálí aláwọ̀ ìyeyè tí ẹ fi gírísì pa sí ẹ̀gbẹ́ wọn, wọ́n á lẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn kan nínú wọn ń gbé fáírọ́ọ̀sì. Tòmátì tí ewé rẹ̀ ti ká tó kéré tó sì pọ́n létí nítorí rẹ̀ kì í sàn, ẹ fà á tu.

Àwọn yòókù, ní ṣókí

- Ìgbín: àárọ̀ ni kí ẹ máa bomi rin ọgbà, kí ilẹ̀ gbẹ kó tó di alẹ́. Ẹ fi pátákó kan lélẹ̀, ẹ gbé e sókè láàárọ̀, kí ẹ ṣa èyí tó sá sábẹ́ rẹ̀.
- Aláǹtakùn pupa kéékèèké: omi lábẹ́ ewé lemọ́lemọ́, lẹ́yìn náà omi ọṣẹ. Oògùn tó ń pa gbogbo kòkòrò máa ń mú wọn pọ̀ sí i, torí ó ń pa àwọn tó ń jẹ wọ́n.
- Aràn inú gbòǹgbò: gbòǹgbò tó wú kókó-kókó. Ẹ má ṣì í mú fún ti ẹ̀wà: kókó rere ti ẹ̀wà ń bọ́ bí ẹ bá fi èékánná fọwọ́ kàn án, ti aràn jẹ́ ara gbòǹgbò náà. Ẹ hú gbogbo gbòǹgbò náà kúrò, kí ẹ má sì gbin tòmátì, ata tàbí ìgbá síbẹ̀ mọ́ fún ọdún díẹ̀. Ìdílé kan náà ni wọ́n.
- Adìyẹ àti ewúrẹ́: kò sí oògùn wọn ju ọgbà yíká lọ. Ìdí tó fi ń jẹ́ ọgbà nìyẹn.

Bó bá di dandan kí ẹ ra oògùn

Òróró dóńgóyárò ni kí ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú. Ẹ pò ó bí ara ìgò rẹ̀ ṣe wí. Fún oògùn yòówù, ẹ ka ara ìgò kí ẹ tó sanwó:

- Ṣé orúkọ ewébẹ̀ yín wà níbẹ̀?
- Ṣé orúkọ kòkòrò náà wà níbẹ̀?
- Ọjọ́ mélòó ló gbọ́dọ̀ kọjá kí ẹ tó lè ká a jẹ?
- Kí ni wọ́n ní kí ẹ wọ̀?

Bí ìgò náà kò bá ní ìwé lára, ẹ dá a padà. Oògùn ẹ̀fọn inú ilé àti oògùn ọkà inú àká kì í ṣe ti ewébẹ̀. Omi ewé tábà tí àwọn kan ń sè jẹ́ májèlé tó ń gba awọ ara wọlé. Ẹ má fọ́n oògùn sórí òdòdó tó ṣí, ẹ má sì gbé oògùn sínú ìgò omi mímu láéláé.

Ìṣẹ́jú 10 inú ọgbà

- Ẹ wo abẹ́ ewé márùn-ún káàkiri bẹ́ẹ̀dì.
- Ẹ wo ìdí ọmọ ewébẹ̀ tuntun.
- Ẹ fa èpò tó wà nínú ìlà.
- Ẹ wá èyí tó fẹ́ tanná létí ọgbà pẹ̀lú; ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wọlé.
- Ẹ kọ ohun tí ẹ rí àti ọjọ́ tí ẹ rí i sílẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá kórè tán, ẹ má fi igi ewébẹ̀ tó ti rẹ̀ sílẹ̀ lóòró. Ẹ fà á tu lọ́sẹ̀ náà gan-an, kí ẹ kó èyí tó ní àrùn tàbí aràn jìnnà sí òkìtì ajílẹ̀, kí ẹ sì bo bẹ́ẹ̀dì náà títí di ìgbà tí ẹ ó tún gbìn.